Horizon Forbidden West lórí ẹ̀rọ méjì: èmi lórí PS5, àbúrò mi lórí PS4

Yàrá méjì la ti gbá géèmù yìí ní ọ̀sẹ̀ kan náà, èmi lórí PS5 (PlayStation 5, ẹ̀rọ géèmù Sony), àbúrò mi lórí PS4 tí mo fi sílẹ̀ fún un nígbà tí tuntun wọlé. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Bí mo bá dákẹ́, màá gbọ́ fáànù ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Òun náà á sì gbọ́ igbe mi nígbà tí ẹranko onírin bá fi ìrù gbá mi lulẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2022 ni. Ọjọ́ 18 oṣù náà ni Horizon Forbidden West jáde, ẹ̀dà ti PS4 àti ti PS5 lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ti gbá géèmù tó pọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìran ẹ̀rọ méjì, àmọ́ èyí ni àkọ́kọ́ tí mo láǹfààní láti fi ojú ara mi wò ní ibi méjèèjì, kí n jáde nínú yàrá kan, kí n wọ èkejì, kí n sì bá Aloy, akọni géèmù náà, lábẹ́ igi kan náà. Nítorí náà, kì í ṣe géèmù nìkan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè tí àbúrò mi bi mí ní alẹ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí PS5 yín bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n tún ṣe é fún tèmi?"

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ géèmù náà fúnra rẹ̀. Guerrilla, ilé iṣẹ́ Sony tó wà ní Amsterdam, ló ṣe é. Apá àkọ́kọ́ ìtàn Aloy jáde lórí PS4 ní 2017. Ọdẹ ni Aloy. Ayé tiwa ti parun ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú ìbí rẹ̀, igbó ti bo àwọn ìlú ńlá mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ tó ní ìrísí ẹranko ló sì ń jẹko ní pápá. Ní apá kejì yìí, àrùn pupa kan ń pa ewéko, ìjì ń jà, Aloy sì ní láti forí lé ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, kó la ibi tí à ń pè ní Utah àti Nevada lónìí kọjá, títí dé San Francisco tí ó ti di àlàpà, láti wá ohun tó lè mú ayé sàn.

Ìdọdẹ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Kì í ṣe kéèyàn kàn dúró kó máa ta ọfà lu irin títí yóò fi ṣubú. Ẹranko kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yà ara tí a lè já bọ́: àgbá epo tó wà lẹ́yìn, ìwo, ìbọn tó wà léjìká. Thunderjaw, èyí tó ga ju ilé lọ, ru ohun ìjà tó ń ju àwo sí ọ̀tá. Bí o bá fi ọfà já ọ̀kan bọ́ lára rẹ̀, wàá sáré lọ gbé e nílẹ̀, wàá sì fi nǹkan tirẹ̀ bá òun fúnra rẹ̀ jà. Ẹni tó bá kánjú kò ní pẹ́ kú níbẹ̀. Mo jà fún ogójì ìṣẹ́jú pẹ̀lú Slitherfang, ejò onírin tó lè ká ara rẹ̀ mọ́ àlàpà ilé. Ọfà tán nínú apó mi, mo ń rá pálá lábẹ́ òkúta, mo ń já ẹ̀ka igi láti fi ṣe ọfà tuntun, àtẹ́lẹwọ́ mi sì ti tutù lára páàdì. Nígbà tí ejò náà ṣubú, mo gbọ́ tí àbúrò mi pàtẹ́wọ́ láti yàrá kejì. Ó ti gbọ́ gbogbo ìjà náà.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbá a ló sọ pé Aloy máa ń dá sọ̀rọ̀ jù, pàápàá bó bá mú nǹkan tí àpò rẹ̀ kò gbà. Guerrilla gbọ́, wọ́n sì dín in kù nínú àtúnṣe tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà. Ìtàn rẹ̀ dára. Máàpù rẹ̀ kún. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, torí ibòmíràn ni ọkàn mi wà.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo rò pé àánú àbúrò mi ló máa ṣe mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ti ń gbé fún àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ àtijọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 2015, Call of Duty: Black Ops III dé orí PS3 àti Xbox 360 láìní ìtàn tí ẹ̀dà PS4 ní, wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ní ọdún kan ṣáájú, Middle-earth: Shadow of Mordor dé orí àwọn ẹ̀rọ kan náà yẹn, ètò Nemesis tó mú kí àwọn ọ̀tá máa rántí ẹni tó bá wọn jà, tó sì jẹ́ ọkàn géèmù náà, ti joro. Ní oṣù kejìlá 2020 ni Cyberpunk 2077 dé. Ẹ̀dà rẹ̀ lórí PS4 àti Xbox One burú débi pé Sony yọ ọ́ kúrò lórí ìtàjà PlayStation láàárín ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀, kò sì padà síbẹ̀ àfi ní oṣù kẹfà 2021. Èmi àti àbúrò mi náà ti jìyà irú rẹ̀ rí, pẹ̀lú géèmù kan tí mi ò ní dárúkọ: wọ́n ní ẹ̀dà tí a rà fún ẹ̀rọ àtijọ́ yóò bá wa dé orí tuntun, nígbà tí a dé ibẹ̀, gbogbo ibi tí a ti gbá a dé ti ṣòfò, a tún bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́bẹ̀rẹ̀. Ọgọ́ta wákàtí àbúrò mi ló wọlẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí ju bó ṣe dùn ún lọ, torí èmi ni mo ní kó rà á.

Mo wá wọ yàrá rẹ̀, Plainsong ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Abúlé kan ni, tí àwọn ẹ̀yà Utaru kọ́ mọ́ ara àwọn àwo ńlá tí ayé àtijọ́ fi ń gbọ́ ohùn láti òfurufú. Oòrùn ń wọ̀. Oko yí abúlé náà ká, àwọn ẹ̀rọ ńlá ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín ebè. Mo jókòó sétí ibùsùn. Mo wo koríko, mo wo irun Aloy, mo wo òkè tó wà lókèèrè réré. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́ jáde: "Ẹ̀rọ yìí náà kọ́ ló ń ṣe èyí?"

Ẹ rántí ohun tí PS4 jẹ́. Ọdún 2013 ló jáde. Ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ilé iṣẹ́ AMD ń ṣe fún kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò lágbára púpọ̀, ẹ̀ka mẹ́jọ, 1.6 GHz. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 8 GB. Hádì díìsìkì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń yí, ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan. Ó lé ní ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ yìí kan náà gbé abúlé, oko, ẹranko àti òkè jáde, kò sì já àbúrò mi jù sílẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ọdún mẹ́jọ ni àwọn Guerrilla ti fi mọ gbogbo kọ̀rọ̀ inú PS4, ìmọ̀ yẹn sì hàn. Mo ka ẹ̀dà PS4 yìí mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó dára jù tí mo tíì rí lórí ẹ̀rọ náà.

Mo padà sí yàrá mi, mo sì rí ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lórí PS4, àwòrán 30 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí PS5, mo lè yan 30 kí àwòrán mọ́ dé góńgó, tàbí kí n yan 60 kí ohun gbogbo máa ṣàn. Mo yan 60, mi ò sì padà sẹ́yìn. Nínú ìjà, nígbà tí ẹranko bá fò sókè, ìyàtọ̀ yẹn ló ń sọ bóyá ọfà yóò ba agolo epo tàbí yóò kọjá lọ. Páàdì PS5 tún ń ti ìka mi padà bí mo bá ń fa ọrun, àfi bí ẹni pé okùn gidi ni mo ń fà. Páàdì àbúrò mi kàn ń gbọ̀n ni. Ojú Aloy náà yàtọ̀. Àwọn Guerrilla ṣàlàyé rẹ̀ fúnra wọn pé lórí PS4, iná àkànṣe tó ń mú ojú rẹ̀ tàn wà fún ìgbà tí ìtàn bá ń lọ nìkan, lórí PS5 ó ń tẹ̀ lé e kiri nígbà tí èèyàn ń gbá géèmù gan-an. Ohun tó kéré ni létí, àmọ́ lójú, ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé àtùpà sún mọ́ ènìyàn.

Èyí tí àbúrò mi jowú rẹ̀ jù ni ìrìn. Bí mo bá fẹ́ ti ibi iná kan lọ sí ibi iná mìíràn lórí máàpù, mi ò ní tíì mí tán tí màá ti débẹ̀. Òun á tẹ páàdì, á gbé e kalẹ̀, á bá mi sọ̀rọ̀, á tún gbé e. Hádì díìsìkì rẹ̀ ń kó bóyá 50 sí 100 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD inú PS5, ibi ìpamọ́ tí kì í yí rárá, ń kó 5.5 gígábáìtì. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣirò.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ̀. Mo dáhùn pé owó ni, ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo fẹ́ sá fún un. Àmọ́ ẹ wò ó. Ní 2023, ìjọba Amẹ́ríkà àti Microsoft wọ ilé ẹjọ́ lórí bí Microsoft ṣe fẹ́ ra Activision Blizzard, ilé iṣẹ́ géèmù ńlá kan. Sony ní láti kó ìwé kan síwájú adájọ́, wọ́n sì fi yíǹkì dúdú pa àwọn iye inú rẹ̀ rẹ́. Yíǹkì náà kò bò ó tán, aráyé kà á. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé Horizon Forbidden West gba mílíọ̀nù 212 dọ́là, nǹkan bí 300 òṣìṣẹ́, àti ọdún márùn-ún.

Ta ló fẹ́ ra iṣẹ́ mílíọ̀nù 212 dọ́là? Nígbà tí ọdún 2021 parí, oṣù kan ààbọ̀ kí géèmù náà tó jáde, PS5 tí Sony ti kó jáde jẹ́ mílíọ̀nù 17.3. PS4 jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 117. Àjàkálẹ̀ àrùn àti ọ̀wọ́n chip ti mú kí PS5 ṣọ̀wọ́n, ẹni tó ní owó lọ́wọ́ pàápàá ń wá a kiri. Géèmù náà ta mílíọ̀nù 8.4 títí di oṣù kẹrin 2023. Ká ní PS5 nìkan ni wọ́n ṣe é fún, kó tó lè ta iye yẹn láàárín àwọn tó ti ní ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ kó tó jáde, nǹkan bí ìdajì wọn ló gbọ́dọ̀ ra á. Kò sí oníṣòwò tí ó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ mílíọ̀nù 117 ilé, kó wá jókòó dúró de mílíọ̀nù 17.

Àmọ́ owó nìkan kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀, torí owó wà nígbà PS2 náà. Ẹ̀rọ yẹn ló tà jù nínú ìtàn Sony, síbẹ̀ nígbà tí God of War II jáde ní oṣù kẹta 2007, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí PS3 dé, PS2 nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tó fà á ni pé PS2 àti PS3 kò bára tan. Ọpọlọ PS3, èyí tí wọ́n ń pè ní Cell, ṣàjèjì débi pé kéèyàn ṣe géèmù kan fún méjèèjì dà bí kó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. PS4 àti PS5 jẹ́ ọmọ ìyá. AMD ló ṣe ọpọlọ àwọn méjèèjì, èdè kan náà ni wọ́n ń gbọ́. Ohun tí Guerrilla kọ fún ẹ̀gbọ́n, àbúrò lè kà á láìsí ògbufọ̀. Ìgbà tí ìbátan yẹn wọlé ni géèmù ìran méjì di ohun tó rọrùn, tí ohun tó rọrùn sì di àṣà.

Ọjọ́ orí iṣẹ́ náà tún wà níbẹ̀. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn láti 2022 jẹ́ 2017, nígbà tí PS5 kò tíì lórúkọ lójú ayé. Orí PS4 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun bá wọn lọ́nà ni.

Inú mi dùn sí Nintendo lórí ọ̀ràn yìí, torí ìdí tiwọn yàtọ̀, ó sì kọ́ mi pé kì í ṣe ìdí kan ló ń bí nǹkan yìí. The Legend of Zelda: Breath of the Wild jáde ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 2017 lórí Wii U, ẹ̀rọ Nintendo àtijọ́, àti Switch tó jẹ́ tuntun nígbà náà. Wii U kò tà, mílíọ̀nù 13.56 péré ni gbogbo rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ọ̀pọ̀ oníbàárà ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀. Wọ́n ti ṣèlérí géèmù náà fún àwọn tó ra Wii U láti ọdún púpọ̀, wọ́n sì mú ìlérí ṣẹ. Lẹ́sẹ̀ kan náà, Switch nílò ohun ńlá tí yóò fi ṣí ilẹ̀kùn. Ti ọdún 2006 tún pa mí lẹ́rìn-ín ayọ̀: Twilight Princess tí wọ́n ṣe fún GameCube, wọ́n yí gbogbo ayé rẹ̀ padà bí àwòrán inú dígí fún Wii, ìlà oòrùn di ìwọ̀ oòrùn, torí Link, akọni géèmù náà, ń fi ọwọ́ òsì mú idà, ọ̀pọ̀ ẹni tó máa fi ọwọ́ gbé páàdì Wii sì ń lo ọ̀tún. Ní 2025 wọ́n tún ṣe é, Metroid Prime 4: Beyond jáde lórí Switch àti Switch 2 lọ́jọ́ kan náà.

Sony ní tirẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe parí rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2020, Jim Ryan tó jẹ́ olórí PlayStation nígbà náà sọ pé àwọn gbà gbọ́ nínú ìran ẹ̀rọ, pé ẹ̀rọ tuntun gbọ́dọ̀ ní ohun tí àtijọ́ kò lè ṣe. Ní oṣù kẹfà, wọ́n fi Forbidden West hàn gẹ́gẹ́ bí géèmù PS5. Ó di oṣù kẹsàn-án kí a tó gbọ́ pé yóò wà lórí PS4 pẹ̀lú, òun àti Spider-Man: Miles Morales àti Sackboy. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún kéde pé ẹni tó bá ra ẹ̀dà lásán ti Forbidden West fún PS4 kò ní lè gba ti PS5 lára rẹ̀. Àwọn ènìyàn fárígá, torí wọ́n ti ṣèlérí tẹ́lẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ Ryan jáde, ó ní Horizon yóò jẹ́ ọ̀fẹ́ bí a ti ṣèlérí, àmọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, bíi Gran Turismo 7 àti God of War Ragnarök, yóò gba dọ́là 10 lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọjá láti PS4 sí PS5. Mo gbà pé ọ̀fẹ́ ló yẹ kí ó jẹ́ fún gbogbo wọn. Ẹni tó ti ra géèmù kan ti ra á.

Mo fẹ́ kí àbúrò mi ní géèmù yìí. Mo fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, ayọ̀ tí a jọ ní ní ọ̀sẹ̀ yẹn kò ní parẹ́ lọ́kàn mi. Síbẹ̀ mo mọ̀ pé ohun kan wà tí èmi náà kò rí nítorí pé òun wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé àwòrán ni ẹ̀rọ àtijọ́ ń fà sẹ́yìn. Àwòrán ṣeé dín kù: ẹ yọ koríko díẹ̀, ẹ dín òjìji kù, ẹ lọ sí 30. Ohun tí kò ṣeé dín kù ni bí ayé inú géèmù ṣe rí, ìyára tí èèyàn lè fi la á kọjá, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mark Cerny, ẹni tó ṣètò inú PS5, sọ èyí ní oṣù kẹta 2020 nígbà tó ń ṣàlàyé ẹ̀rọ náà. Ó fi Marvel's Spider-Man orí PS4 ṣe àpẹẹrẹ: nítorí pé hádì díìsìkì ń pẹ́ kó tó rí ohun tó ń wá, wọ́n ń kó ẹ̀dà nǹkan kéékèèké kan náà, bí àpótí lẹ́tà ẹ̀bá títì, sí ibi 400 lórí díìsìkì, kí ó lè wà nítòsí nígbàkigbà tí èèyàn bá fò kọjá àdúgbò kan. Ẹ wo ìyà yẹn! Gbogbo ọ̀nà tóóró tí akọni ní láti fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ kọjá, gbogbo ilẹ̀kùn tó wúwo tí ó ń fi èjìká tì díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ lè ráyè kó ohun tó wà níwájú wá. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, a ti gbọ́ ìyẹn rí. Nínú géèmù ìran méjì, ti ẹ̀yìn ni ti iwájú ń wò, kó má bàa sá jù ú lọ.

Mi ò ní rí i dájú bí kì í bá ṣe Burning Shores. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin 2023 ni àfikún ìtàn yìí jáde, fún PS5 nìkan. Guerrilla sọ pé ohun tí àwọn fẹ́ ṣe tóbi, pé orí PS5 nìkan ni àwọn fẹ́ kó gbogbo agbára sí. Los Angeles ni, tó ti fọ́ sí erékùṣù erékùṣù, iná ń yọ láti inú ilẹ̀. Aloy ń gun ẹyẹ onírin lọ. Nínú géèmù gangan a lè fò, lórí PS4 pàápàá, àmọ́ ní apá ìparí rẹ̀ ni wọ́n tó fún wa ní ẹyẹ. Níbí, fífò ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ìkùukùu tó wà lójú ọ̀run jẹ́ ohun tí a lè wọ inú rẹ̀. Mo wọ inú rẹ̀. Ó ṣú, omi ń ta, mànàmáná ń kọ nínú ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, mo jáde ní òdìkejì, oòrùn bá mi lójú. Lẹ́yìn náà mo rí ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní Waterwing, mo gùn ún, mo dorí kodò láti òkè ọ̀run, mo gúnlẹ̀ sínú òkun láìdúró, mo bá ara mi láàárín ẹja. Kò sí ilẹ̀kùn. Kò sí ọ̀nà tóóró. Ìjà tó gbẹ̀yìn jẹ́ pẹ̀lú Horus, ẹ̀rọ tí a ti ń rí òkú rẹ̀ lórí òkè láti 2017, tó tóbi bí òkè fúnra rẹ̀, ó wá jí báyìí. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí a ti fi pamọ́ fún wa. Ìgbà yẹn náà ni mo gbọ́ pé yàrá kejì dákẹ́. Àbúrò mi ti bá Aloy dé òpin ìtàn lórí PS4, ó ti pa Slitherfang tirẹ̀, ó ti rì wọ inú omi Las Vegas bíi tèmi. Nígbà tí ìtàn tún ń lọ síwájú, wọn kò mú un dání. Kò bínú. Ó kàn wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó ń wò mí bí mo ṣe ń fò.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí, ẹ̀dà PS4 tó géèmù, ẹni tí kò ní òmíràn kò ní kábàámọ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà PS5 ni mo gbà pé kí ẹni tó bá lè yàn yàn, ní ipò 60, pẹ̀lú Burning Shores. Ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú láti oṣù kẹta 2024, àfikún náà wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù ni mo fẹ́ bẹ̀. Ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹ ṣe é fún ìran méjèèjì. Ẹ sọ ọ́ síta láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ìgbéga jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ má fún àwọn tó wà lẹ́yìn ní àjẹkù. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò tì, kí èèyàn lè múra.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní kí àbúrò mi fi orúkọ rẹ̀ wọlé sórí PS5 mi. Ẹ̀dà PS4 tó rà fún un ní ti PS5, kò san nǹkan kan. Ó kó ibi tó gbá a dé wá láti orí PS4, gbogbo rẹ̀ bá a dé láìku ẹyọ kan: ọfà rẹ̀, aṣọ rẹ̀, ọ̀dà pupa tó fi kun ojú Aloy. Mo rà Burning Shores fún un, mo sì gbé páàdì lé e lọ́wọ́. Ó gun ẹyẹ rẹ̀, ó kọjá etíkun, ó forí lé gúúsù. Ìkùukùu ńlá kan dúró níwájú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún un, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi láìwẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n wọ ibẹ̀ fúnra mi."